Bàbá Àádọ́ta àti Ìwé Tí Kò Ní Ojú-Ewé Òfìfo

Ìtàn ìgbésí ayé bàbá wa, arán-ìwé, alàgbà nínú ìjọ, ọkọ ìyàwó kan (1946 sí 2024)

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ará ìjọ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tí ẹ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún bàbá wa, a kí yín kú ìdúró tini. Bí a bá ní ká sọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí láyé, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá kò fẹ́ràn ẹni tó ń fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò. Èyí tó ṣe kókó la ó sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1946, ni a bí bàbá wa, nínú yàrá kejì ilé onípáànù kan tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Àkọ́bí ni wọ́n nínú ọmọ mẹ́ta. Bàbá tó bí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ ìkòkò ńlá tí a fi ń se ọṣẹ. Ìyá wọn, Màmá Àgbà, ń gba aṣọ rán nínú ilé. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Káfíńtà ni bàbá tó bí Bàbá Àgbà, èyí tó bí ìyẹn sì ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Kò sí èyí tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ ló fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1953, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1959. Ìwé èsì ìdánwò wọn kan ṣì wà lọ́wọ́ wa: ìṣirò, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Títí ewú fi bo orí wọn ni wọ́n ń bá olùkọ́ yẹn jà lọ́kàn nítorí máàkì kan tó yọ. Wọ́n lo ọdún mẹ́ta sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n nígbà tó kan owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò, Bàbá Àgbà pe àkọ́bí wọn jókòó, wọ́n ní kó ṣe sùúrù, kó lọ kọ́ṣẹ́. Bàbá wa kò bínú. Wọ́n ní ẹni tí a bá kọ́kọ́ bí ló ń kọ́kọ́ gbọ́ “ṣe sùúrù”.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1963 ni wọ́n wọ ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀ sí Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù, torí pé òórùn gọ́ọ̀mù máa ń ṣáájú ọ̀gá náà wọ yàrá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ká ewé ìwé ní ìdì mẹ́jọ-mẹ́jọ, bí a ṣe ń fi òwú tí a ti fi ìda pa rán ìdì kan mọ́ èkejì, bí a ṣe ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó fi páálí àti awọ bò ó. Òfin kan wà tí Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù kì í fi ṣeré. Ìwékíwèé tó bá ti ọwọ́ arán-ìwé jáde gbọ́dọ̀ ní ojú-ewé òfìfo níwájú àti lẹ́yìn. Oníwèé lè rántí ohun tó gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a bá ti di ẹ̀yìn rẹ̀ tán kì í gba àlejò mọ́. Ẹ bá wa mú òfin yìí lọ́wọ́, a ó padà wá bá a.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje ọdún 1965, Bàbá Àgbà fẹ̀yìn tì lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí ìkòkò ọṣẹ. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti ra àga kan sílẹ̀, àga gbọọrọ tí igi rẹ̀ ṣeé ká, tí a fi aṣọ tapólì aláwọ̀ ewé ta sí láàárín, tí ènìyàn lè nà gbalaja sí. Wọ́n fi aṣọ bò ó ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé e títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yóò fi pé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Bàbá Àgbà jókòó lórí àga náà. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kejìlá tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n papò dà.

Níbi ìsìnkú, àwọn akẹgbẹ́ wọn ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ parí, baba ti lọ sinmi. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, yíjú sí Màmá Àgbà. “Màámi, ṣé ibí ni ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀ ni?” ni wọ́n bi wọ́n. Màmá Àgbà ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn Bàbá mọ́, wọ́n gbé e rìn bí ẹni gbé òkúta sápò. Àga yẹn náà kò sì kúrò nílé. Bàbá wa ni wọ́n jogún rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1973, nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí wọ́n sì ti di igbákejì ọ̀gá nínú yàrá ìdìwé, Bàbá rán ìwé kan fún ara wọn. Ìwé onílà ni, awọ búráùn ni wọ́n fi bò ó, ojú-ewé rẹ̀ sì jẹ́ 276 géérégé. Ìdí iye yẹn ni pé oṣù 276 ló wà láàárín ìgbà náà àti ìgbà tí wọn yóò pé àádọ́ta ọdún. Oṣù kan, ojú-ewé kan. Lójú-ewé kìíní, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ tí àwọn bá pé àádọ́ta, àwọn kò ní ta iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé, ohun tí àwọn bá ti kó jọ ni yóò máa bọ́ àwọn. Wọn kò fi ojú-ewé òfìfo kan síwájú, wọn kò fi ọ̀kan sẹ́yìn. Ọ̀gá Gọ́ọ̀mù yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mi orí. Bàbá ní ètò tí àwọn ṣe kò retí àlejò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ nílé-iṣẹ́, ẹ̀rín ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì níyàwó, tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ kan àti ṣòkòtò mẹ́ta lọ, ló ń kéde ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì! Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ wọ́n ní Bàbá Àádọ́ta, orúkọ náà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n títí di òní.

Àlejò dé lọ́dún kejì. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti yàrá aṣọ ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́, gbé ìwé àkọsílẹ̀ aṣọ wá pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Bàbá ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tó padà wá, wọ́n tún ní kó padà wá lọ́la. Ìwé tí kò gbà ju wákàtí méjì lọ gba ọjọ́ mẹ́fà. Màmá wa, torí àwọn ni ọ̀dọ́bìnrin náà, máa ń sọ pé àwọn ọkùnrin yòókù a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ènìyàn, ti àwọn fi ìṣirò ọjọ́ tan àwọn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 1975. Nígbà tí oṣù tuntun wọlé, Bàbá ṣí ìwé wọn, wọ́n kọ owó oṣù ìyàwó sábẹ́ “owó tó wọlé”, wọ́n fa ìlà sí i nídìí, wọ́n sì ń bá ètò wọn lọ.

Ètò náà kò ní awo nínú. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù wọn kì í dé ilé, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé-iṣẹ́ ló ń gbà lọ. Bó bá ti pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè, tàbí kí wọ́n fi yá ìjọba, kí ìjọba máa san èlé fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní 1981, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí ìkángun àdúgbò. Télọ̀ gba ọ̀kan, atúnaago-ṣe gba èkejì. Ìpín tí wọ́n kọ́kọ́ rà pàápàá, ti ilé-iṣẹ́ ọṣẹ tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ sí ni. Wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá àwọn fi ro ọṣẹ níbẹ̀, ó yẹ kí èrè díẹ̀ padà wálé. Ohun tí wọ́n ń lé ni ìnáwó ilé ọdún kan lọ́nà márùndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ẹyin ni ènìyàn á máa jẹ, adìyẹ á wà láàyè. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún ìṣirò náà ṣe, nítorí ọjà kì í dúró sójú kan.

Bàbá kì í fi owó síbi tí kò yé wọn. Ẹni tó bá gbé òwò tọ̀ wọ́n wá, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í: “Ta ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀?” Wọ́n ní owó kì í bímọ fúnra rẹ̀, bó bá ń lé sí i, ẹnì kan ń làágùn níbì kan, ó sì yẹ kéèyàn mọ onítọ̀hún. Ní 1983, arákùnrin kan tó wọ kóòtù funfun wọ ilé ìtẹ̀wé, ó ní owó tí wọ́n bá kó fún òun lónìí yóò di ìlọ́po méjì láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tò. Bàbá bi í pé ta ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní owó náà ni yóò ṣe é. Bàbá padà sídìí abẹ́rẹ́ wọn. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, a kò rí kóòtù funfun mọ́, àwọn mọ́kànlá nínú akẹgbẹ́ wọn sì pàdánù owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé.

Àwọn kan pe Bàbá ní ahun. A kò ní torí pé wọ́n ti kú ká wá fi irọ́ gbè wọ́n. Kóòtù kan ṣoṣo ni wọ́n wọ lọ sí ilé ìjọsìn láti 1971 títí di 1998. Ọdún 1986 ni tẹlifíṣọ̀n wọ ilé wa, lẹ́yìn tí àwa ọmọ ti jókòó ti fèrèsé aládùúgbò débi pé wọ́n ń bá wa gbé àga síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ wa, a kò sì rí ọjọ́ tí ara ẹnì kan gbóná nínú ilé tí a ń wá ẹni tí a ó yá lówó. Ìgbà tí àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé wa.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1996, Bàbá pé àádọ́ta. Ọjọ́bọ̀ náà ló bọ́ sí, bí ọjọ́ tí a bí wọn. Wọ́n kọ ojú-ewé 276, ìṣirò náà pé, ó tún lé díẹ̀. Wọ́n bọ́ épírọ́ọ̀nù wọn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé ọwọ́ obìnrin tí wọ́n fúnra wọn kọ́ níṣẹ́, tó sì gba ipò wọn. Wọ́n gbé àga Bàbá Àgbà jáde sí iwájú ilé, wọ́n ti fi tapólì tuntun ta á. Ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó, wọ́n nà gbalaja, wọ́n sì sunkún díẹ̀. Àkọ́bí wọn rí wọn, kò sọ fún ẹnì kan.

Ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Ní agogo márùn-ún òwúrọ̀, Màmá á dìde, wọ́n á lọ aṣọ iṣẹ́ wọn funfun, wọ́n á jáde ní agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwa ọmọ á gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Á wá ku Bàbá nìkan lórí àga. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti tún gbogbo ilẹ̀kùn tó ń dún ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ti mọ ìgbà tí ajá kọ̀ọ̀kan ládùúgbò máa ń rìn kọjá. Wọ́n á máa wo ọ̀nà títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí Màmá á dé, tí wọ́n á jókòó sórí àpótí, tí wọ́n á bọ́ bàtà, tí wọ́n á ki ẹsẹ̀ tó ti wú bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó níyọ̀. Bàbá á bá wọn da omi náà nù, wọ́n á tún padà sórí àga.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní ìparí oṣù Kẹfà, Màmá bi wọ́n pé báwo ni ìsinmi. Bàbá ní ó dára, ṣùgbọ́n ó gùn.

“Ìsinmi yín dùn mọ́ mi, Bàbá àwọn ọmọ,” ni Màmá wí, láìbínú, ẹsẹ̀ wọn sì wà nínú omi. “Ẹ sáà máa rántí pé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Bàbá ṣí ìwé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí orúkọ ìyàwó wọn ní ìgbà 243 níbẹ̀, oṣooṣù láti 1976, lábẹ́ “owó tó wọlé” ní gbogbo ìgbà. Kò sí ibì kankan tí a kọ ọ́ sí pé òun náà yóò sinmi. Wọ́n yọ owó oṣù yẹn kúrò nínú ìṣirò láti wo ohun tí yóò kù, ètò náà sì wó lulẹ̀. Ètò àpọ́n ni wọ́n ti ṣe ní 1973, wọ́n kàn gbé obìnrin kan wọ inú rẹ̀ bí ẹni gbé òpó ti òrùlé. Gbogbo ẹni tó wá bá wọn lọ́dún mẹ́tàlélógún ni wọ́n bi pé ta ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìsinmi tiwọn ni wọn kò bi léèrè. Bàbá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ojú ti àwọn débi pé àwọn kò lè jókòó sórí àga yẹn lọ́jọ́ náà.

Wọ́n lọ bá Màmá, wọ́n ní àwọn ń padà sí ilé ìtẹ̀wé, kí Màmá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní kíá. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ta ló bi àwọn bóyá àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀? Àwọn ni ọ̀gá yàrá aṣọ, ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ àwọn, àwọn kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé kalẹ̀ nígbà tó bá wu ẹni tó rù ú. Bàbá ti tún fẹ́ ṣe irú àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún fẹ́ ṣètò ìyàwó láìbi í.

“Àádọ́ta tí ẹ ń jẹ yẹn, èmi náà lẹ́nu,” ni Màmá wá sọ. “Ẹ jẹ́ kí n pé e, ká jọ jókòó.”

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni Màmá nígbà náà. Ọdún méje ló kù, oṣù mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Bàbá mú ọ̀bẹ, wọ́n la ẹ̀yìn ìwé àádọ́ta, èyí tí arán-ìwé kì í fẹ́ ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, wọ́n rán ojú-ewé 84 mọ́ ọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ojú-ewé òfìfo méjìlá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kálàmù fún Màmá. Lórí ojú-ewé tuntun àkọ́kọ́, Màmá kọ ohun mẹ́ta tí àwọn fẹ́: kí àwọn máa jí ní agogo mẹ́jọ, kí àwọn parí ìwé tí àwọn fi sílẹ̀ nígbà èwe, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, abọ́ fífọ̀ di ti ọkọ títí ayé. Bàbá buwọ́ lù ú. A lè jẹ́rìí sí i pé wọ́n mú ti ẹ̀kẹta ṣẹ títí dé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń fi ọṣẹ ṣòfò.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1996, Bàbá padà sí ilé ìtẹ̀wé. Owó oṣù wọn kò tó ti tẹ́lẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni. Obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló wá di ọ̀gá wọn. Ó ń pè wọ́n ní Ọ̀gá, àwọn náà ń pè é ní Ọ̀gá, tí àlejò bá wọlé béèrè ọ̀gá, àwọn méjèèjì á dáhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n yí orúkọ wọn padà sí Àádọ́ta-Ó-Lé, wọ́n á máa bi wọ́n pé ṣé àga náà kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni. Bàbá á rẹ́rìn-ín. Wọn kò bo ìdí tí wọ́n fi padà mọ́lẹ̀, ẹni tó bá bi wọ́n ni wọ́n ń sọ fún pé àwọn gbàgbé ẹnì kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2003, nínú oṣù tí Màmá pé àádọ́ta, àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọ́n tètè kúrò nílé ìtẹ̀wé, wọ́n lọ dúró sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, wọ́n gba báàgì Màmá, wọ́n sì jọ fẹsẹ̀ rìn wálé díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Màmá. Àga kejì ti wà níwájú ilé, irú ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Màmá jí. Bàbá ti jókòó láti agogo mẹ́fà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìkòkò kí ariwo má baà dìde.

Màmá wọ kíláàsì àwọn àgbà ní 2004, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí wọn ní 2006, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Bàbá ló ń gbé báàgì ìwé tẹ̀lé wọn. Màmá gba mọ́kànléláàádọ́rin nínú ìṣirò, Bàbá sì rí i dájú pé kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí kò gbọ́ nípa mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ti 1959.

Onígbàgbọ́ ni Bàbá láìfi ariwo ṣe é. A fi wọ́n jẹ alàgbà ní 1989. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń rán ìwé orin ìjọ tó bá ti ya, ẹ ó sì rí ojú-ewé òfìfo lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Láti 2004 títí di 2019, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ oṣooṣù, nípa bí a ṣe ń fi owó pamọ́, bí a ṣe ń fi ṣòwò, àti bí ènìyàn ṣe lè kúrò lábẹ́ owó oṣù kí agbára tó tán. Ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó, wọn kì í jẹ́ kó jókòó láìmú ẹnì kejì rẹ̀ wá. Àṣìṣe tiwọn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìgbà, wọn kò dín in kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tọkọtaya yẹn wà pẹ̀lú wa níbí lónìí.

Ogún ọdún àti oṣù mẹ́sàn-án ni Bàbá àti Màmá fi jọ jókòó. Wọn kò lọ sí ibi tó jìnnà. Wọ́n ń rìn ní òwúrọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n kà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ-ọmọ títí eékún fi kọ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n pààrọ̀ tapólì àga méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bàbá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, wọ́n wà lórí àga wọn, ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ wọn, Màmá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá rò pé oorun ti gbé wọn lọ bí ìṣe wọn, wọ́n rọra gba ìwé ìròyìn náà kó má baà já bọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ pé oorun kọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni bàbá wa. Ó dùn wá, a kò ní pa á mọ́. Ilé náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ìyàwó wọn ọ̀wọ́n. Ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí obìnrin tó ń po oògùn, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ìyẹn ẹni tó gba ọgọ́rùn-ún pé, tí Bàbá kò sì dárí jì pátápátá. Ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé ògiri rìn. Àbúrò wọn obìnrin. Àwọn ẹbí, àwọn àna, àti ọ̀gá obìnrin ilé ìtẹ̀wé, tó ṣì ń pè wọ́n ní Ọ̀gá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń wá ohun tí a ó kọ síbí, a bi Màmá léèrè ìwé àádọ́ta. Wọ́n gbé e wá láti abẹ́ ìrọ̀rí. Nínú ojú-ewé òfìfo méjìlá tí Bàbá fi sẹ́yìn, mọ́kànlá ṣì mọ́ lau. Lórí àkọ́kọ́, Màmá ti kọ ìlà kan, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n tún lọ kọ́ lẹ́ni àádọ́ta ọdún: “Wọ́n sinmi. Mo wà níbẹ̀.”

Nítorí náà, Bàbá, àwa ọmọ yín kò ní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè yìí ká sọ pé kí ẹ lọ sinmi. Ẹ ti ṣe ìyẹn lójú ayé, ẹ sì ṣe é pẹ̀lú ẹnì kejì yín. Kí Ọlọ́run tọ́jú Màmá fún wa. Abọ́ wọn, a ó máa fọ̀ ọ́. Àga yín wà níbi tó wà, ẹnikẹ́ni tó bá rẹ̀ lè jókòó síbẹ̀.

Ẹ sùn re o, Bàbá Àádọ́ta.